Ṣé Ewé Kan Ló Kù Ni? Àlàyé Lórí Ìmọ̀ Tó Wà Lọ́wọ́ Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ẹ mú báírò kan. Ẹ fi eyín iwájú di ìdí rẹ̀ mú, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síta, kí ètè yín má sì kàn án rárá. Ẹ wo ojú yín nínú dígí: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti fà sẹ́yìn, eyín ti yọ, ó fẹ́ jọ ojú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ó yá, ẹ tú eyín kúrò lára rẹ̀, kí ẹ fi ètè nìkan mú un. Ẹ̀rín ti lọ. Ẹnu ti sún jọ bí ẹnu ọmọ tí wọ́n gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1988, Fritz Strack, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé àbọ̀ irú àdánwò yìí jáde. Wọn ò jẹ́ kí àwọn tó kópa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé àwọn ń wádìí bí ẹni tí kò lè lo ọwọ́ ṣe lè fi ẹnu ṣiṣẹ́. Báírò wà lẹ́nu, wọ́n gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ síwájú wọn, wọ́n ní kí wọ́n fún un ní máàkì láti 0 dé 9, bó bá ṣe pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó. Máàkì àwọn tó fi eyín mú báírò fi 0.82 ju ti àwọn tó fi ètè mú un lọ. Àwọn olùwádìí ní ó jọ pé ojú tó bá ṣe bí ẹní ń rẹ́rìn-ín lè mú nǹkan pani lẹ́rìn-ín sí i, bí ẹni tó ni ojú ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn yìí. Nígbà tó di 2016, láàbù 17 tún àdánwò náà ṣe, àwọn tó kópa sì sún mọ́ 1,900. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí jẹ́ 0.03. Ká má purọ́, kò sí ìyàtọ̀.

Láàárín wa, bí oògùn kò bá jẹ́, ohun tí a máa ń sọ ni pé ewé rẹ̀ ni kò pé. Ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ òótọ́. Ẹni tó ni oògùn lè má sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan wà tí òun ń ṣe tí òun ò kà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé oògùn náà ò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti wà. Èwo ni èwo? Ìbéèrè yìí gan-an ló ń fa ìjà láàárín àwọn tó ń fi àdánwò wádìí ìwà ẹ̀dá láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì ń rú àwọn tó ń wò wọ́n láti ìta lójú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé ewé tó ń kù wà lóòótọ́. Michael Polanyi, onímọ̀ kẹ́mísírì tí wọ́n bí ní Hungary, tó wá di olùkọ́ ní Manchester, sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: ohun tí a mọ̀ pọ̀ ju ohun tí a lè fẹnu sọ lọ. Ẹ wo ìyá tó ń ro àmàlà. Omi ti hó, ó da èlùbọ́ sí i, ó ń fi ọmọrogùn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò, ó ń yí i, ó ń gbá a. Ó dúró díẹ̀, ó wọ́n omi sí i, ó dé e, ó tún ṣí i. Ẹ bi í pé báwo ni omi yẹn ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, á ní, "Èyí tó bá ti tó ni." Kì í ṣe pé ó ń fi pamọ́ fún yín. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló ń mọ̀ ọ́n lára bí àmàlà ṣe ń le sí i, ọrùn ọwọ́ ò sì lẹ́nu tó fi máa rò ó fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n rò yóò dúró tì í, yóò ro tirẹ̀ tó ní kókó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, títí a óò fi sọ pé ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Irú ìmọ̀ yẹn ni màá máa pè ní ìmọ̀ ọwọ́ níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú, etí àti ahọ́n náà ní tiwọn.

Ẹni tó bá rò pé ìmọ̀ ọwọ́ ò sí láàárín àwọn onísáyẹ́ǹsì aláṣọ funfun, kó gbọ́ ti Harry Collins, onímọ̀ nípa àwùjọ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwádìí tó gbé jáde lọ́dún 1974, ó tọ ipasẹ̀ àwọn láàbù tó ń gbìyànjú láti ṣe irú lésà kan, ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán líle, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Kánádà. Gbogbo àlàyé rẹ̀ ti wà nínú ìwé, àwòrán rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kò rí láàbù kan ṣoṣo tó fi ìwé nìkan ṣe é tó ṣiṣẹ́. Àwọn tó ṣe é yọrí ni àwọn tó ti jókòó ti ẹni tó ti ṣe é rí, tàbí tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ déédéé. Ọ̀kan lára ohun tó ń dá wọn dúró ni pé wáyà kan nínú ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kúrú. Àwọn kan ṣe wáyà tiwọn ní gígùn láìmọ̀ pé ó já mọ́ nǹkan kan.

Èyí tó wù mí jù nínú iṣẹ́ Collins ni ti òkúta sàfáyà. Nínú láàbù kan ní Moscow, wọ́n máa ń fi òwú tín-ín-rín gbé òkúta yìí kọ́, wọ́n á mú kó gbọ̀n, wọ́n á wá wọn bó ṣe pẹ́ tó kó tó dákẹ́. Àwọn ará Glasgow kà nípa rẹ̀, wọ́n gbìyànjú, òkúta tiwọn ò gbọ̀n pẹ́ tó ti Moscow. Ìgbà tí ará Moscow kan wá bá wọn ṣiṣẹ́ ni wọ́n tó rí àwọn nǹkan tí ìwé ò sọ. Òwú yẹn gbọ́dọ̀ ní ọ̀rá díẹ̀ lára, kó má pọ̀ jù, kó má sì kéré jù. Ibo wá ni ọ̀rá náà ti ń wá? Onímọ̀ náà á fa òwú gba orí igi imú ara rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn etí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ ẹ̀yìn etí mọ́ ohun èlò nínú ìwé ìwádìí, àmọ́ ó wà lára ohun èlò.

Nítorí náà, nígbà tí onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá kan bá sọ pé, "Ẹ ò ṣe é dáadáa ni," mi ò ní sọ pé ó ń parọ́. Ó lè jẹ́ pé òun náà ní ẹ̀yìn etí tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí lésà ní tí báírò ẹnu ò ní. Lésà tí Collins tọpasẹ̀ yẹn, bó bá ṣiṣẹ́, ó máa ń jó kọnkéré. Ẹ tan iná sí i, kọnkéré jó, ọwọ́ yín ti mọ́ ọn nìyẹn. Kọnkéré ò jó, ẹ padà sídìí iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn, nítorí ohun tí ẹ ń ṣe ló ń fúnra rẹ̀ sọ fún yín bóyá ọwọ́ yín ti gún. Àmàlà náà rí bẹ́ẹ̀: ẹnu tó jẹ ẹ́ á mọ̀ bóyá ó ní kókó. Nínú àdánwò báírò, kí ni kọnkéré? Bóyá ojú ń yí inú padà ni ohun tí a fẹ́ mọ̀. Bí a bá wá sọ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti gún ni ẹni tó rí i pé ojú ń yí inú padà, a ti dáhùn ìbéèrè kí a tó bi í. Ẹni tó bá rí i, ọwọ́ rẹ̀ gún. Ẹni tí kò bá rí i, ọwọ́ rẹ̀ ò gún. Báyìí, kò sí àdánwò kankan láyé yìí tó lè já ọ̀rọ̀ náà ní koro.

Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo àlàyé yìí. Ìmọ̀ ọwọ́ wà. Ohun tó ṣòro ni pé nínú ìwádìí nípa ènìyàn, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ àti ọwọ́ tó ń ti ìdáhùn jáde láìmọ̀ jọ ara wọn gidigidi.

Láàárín ọdún 1900 sí 1910, ẹṣin kan wà ní Berlin tó ń jẹ́ Hans. Wilhelm von Osten, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ín. Wọ́n á bi Hans ní ìṣirò, á fi pátákò tẹ ilẹ̀ iye ìgbà tí ìdáhùn jẹ́. Olówó rẹ̀ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì jọ pé ó ń rẹ́ni jẹ. Oskar Pfungst wá wádìí rẹ̀, ó sì gbé àbọ̀ jáde lọ́dún 1907: bí ẹni tó bi ẹṣin náà léèrè bá mọ ìdáhùn, ẹṣin á gbà á. Bí ẹni náà ò bá mọ̀ ọ́n, ẹṣin á kàn máa tẹlẹ̀ lọ ni. Ẹni tó ń béèrè máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti wo ẹsẹ̀ ẹṣin, tí ìṣirò bá sì ti pé, orí rẹ̀ á gbé sókè fẹ́ẹ́rẹ́. Orí tó gbé sókè yẹn ni Hans ń wò. Pfungst mọ̀ èyí tán, síbẹ̀ ó ṣòro fún òun gan-an láti má ṣe é. Ṣé ẹ rí i? Ìmọ̀ ọwọ́ nìyẹn náà, ara ń sọ ohun tí ẹnu ò sọ. Àfi pé ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ba ìwádìí jẹ́.

Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ sí àdánwò kan tó gbajúmọ̀ gan-an. Lọ́dún 1996, John Bargh àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé àwọn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ to ọ̀rọ̀ pọ̀ di gbólóhùn, àwọn kan sì gba ọ̀rọ̀ tó rán ni létí arúgbó. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí ń lọ, wọ́n rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wúwo ju àwọn yòókù lọ. Ní 2012, Stéphane Doyen àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels tún un ṣe, wọ́n sì fi iná tí ojú kì í rí wọn ìrìn dípò kí ẹnìkan máa tẹ aago. Ẹsẹ̀ ò wúwo. Wọ́n wá ṣe èkejì: wọ́n sọ fún ìdajì àwọn tó ń darí àdánwò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò rìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sọ fún ìdajì yòókù pé wọn yóò yára. Níbi tí olùdarí ti ń retí ìrìn díẹ̀díẹ̀ nìkan ni àwọn tó ka ọ̀rọ̀ arúgbó ti rìn díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí olùdarí ń retí ti wọ inú yàrá náà. Ó gba ojú wọlé ni, ó gba ohùn ni, ó gba bó ṣe na ìwé sí wọn ni, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àdánwò Stanley Milgram ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, 1961 sí 1962, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn ènìyàn máa fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ta ẹlòmíì. Iná náà kì í ṣe iná gidi, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ò mọ̀. Ìwé sọ pé gbólóhùn mẹ́rin péré ni olùdarí máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ dúró, àti pé tó bá kọ̀ lẹ́yìn ìkẹrin, ó parí. Téèpù ohùn wọn ṣì wà. Àwọn tó jókòó gbọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún bá olùdarí níbẹ̀ tó ń bá ènìyàn jiyàn ju ti inú ìwé lọ, tó tilẹ̀ máa ń jáde nígbà mìíì bí ẹní lọ wo ẹni tí wọ́n ń ta, tó sì ń padà wá sọ pé ẹni náà ní kí wọ́n máa bá a lọ. Mi ò sọ èyí láti fi bú olùdarí náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó mú àwọn ènìyàn tẹ̀ síwájú, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé nìkan ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn.

Àwọn tó ń kópa náà kì í wá lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí Jean Ensminger mú eré olówó kan dé ọ̀dọ̀ àwọn Orma ní Kẹ́ńyà, eré tí kálukú ti máa dá owó sí àpò kan kí wọ́n tó pín in, àwọn Orma sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀: eré harambee. Owó harambee ni wọ́n máa ń dá láti fi kọ́ ilé ìwé àti irú iṣẹ́ ìlú bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé olùwádìí, ó jẹ́ eré tí kò ní orúkọ àdúgbò kankan. Lójú ẹni tó ń ṣe é, ojúṣe tó ti mọ̀ tipẹ́ ni.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá ti gbé ìwé ìbéèrè kiri ilé rí mọ ohun tí mò ń wí. Ìwé ní kó béèrè pé, "Ọmọ mélòó lẹ bí?" Ìwé ò sì sọ fún un pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ náà á kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kó tó yọ báírò, á kí ìyá náà kú ìjókòó, á kí i kú àwọn ọmọ, á jẹ́ kí ìyá fúnra rẹ̀ máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Á wo yíká bóyá ìyá ọkọ jókòó sí tòsí kó tó bi ìyàwó ilé ní ìbéèrè nípa owó tàbí ìfètò sọ́mọ bíbí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gba "Ọlọ́run ló mọ iye wọn" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ìwé kan náà, abúlé kan náà, èsì méjì. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ìmọ̀ ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀, mi ò sì ní gbà fún ẹni tó bá ní kì í ṣe nǹkan kan.

Báwo wá la ṣe máa mọ ìgbà tí ewé kan kù lóòótọ́? Ẹni tó ní ewé kù, kó dárúkọ ewé náà. Ìyẹn nìkan. Strack dárúkọ tirẹ̀, mo sì yìn ín fún un. Ó ní láàbù 17 yẹn gbé kámẹ́rà ka àwọn tó ń kópa lórí, láti rí i dájú pé wọ́n mú báírò bó ṣe yẹ. Ó ní ẹni tó mọ̀ pé kámẹ́rà ń wo òun á máa ṣọ́ra rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ojú darí inú. Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe rí: ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀ kí iṣẹ́ má bàa bàjẹ́ lè jẹ́ ohun tó bà á jẹ́. Nítorí pé ó ti dárúkọ rẹ̀, ó ṣeé dán wò. Àwọn olùwádìí ní Jerúsálẹ́mù, Tom Noah, Yaacov Schul àti Ruth Mayo, gbé ìwádìí jáde ní 2018: níbi tí kò ti sí kámẹ́rà, àwòrán ẹ̀fẹ̀ pa ẹni tó fi eyín mú báírò lẹ́rìn-ín jù, níbi tí kámẹ́rà wà, kò sí ìyàtọ̀. Ìwádìí kékeré ni, kò parí ọ̀rọ̀. Ní 2022, ìwádìí ńlá kan tí ènìyàn 3,878 láti orílẹ̀-èdè 19 kópa nínú rẹ̀ rí i pé ẹni tó bá fi ojú sín ojú aláyọ̀ nínú fọ́tò ń ní ayọ̀ díẹ̀ sí i. Ti báírò ò fi bẹ́ẹ̀ yanjú. Àmọ́ ìmọ̀ ti sún síwájú, torí pé wọ́n dárúkọ ewé.

Àwọn mìíràn dán ọ̀rọ̀ náà wò pátápátá. Ní 2015, ẹgbẹ́ ńlá kan ti tún ìwádìí 100 nípa ìwà ẹ̀dá ṣe. Nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àbájáde tó dúró, nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ó di ìdá 36. Àwọn kan ní wọn ò ṣe é bó ṣe yẹ. Wọ́n wá mú mẹ́wàá nínú irú àwọn tí wọ́n ṣàròyé lé lórí, wọ́n pe àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, títí kan àwọn tó ni àdánwò níbi tí wọ́n ti gbà, pé kí wọ́n yẹ ètò rẹ̀ wò, kí wọ́n fi gbogbo ewé tó kù kún un kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn tó sún mọ́ 14,000 ló kópa, àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2020. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára àbájáde, ti tẹ́lẹ̀ wà ní 0.37 láàárín, ti ètò tí àwọn ọ̀gá tún ṣe wà ní 0.05, ti ètò tí wọ́n ṣàròyé lé lórí sì wà ní 0.04. Ewé pé, oògùn ò jẹ́. Ó dùn mí fún àwọn tó ti fi ọdún púpọ̀ sórí iṣẹ́ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó tọ́ ju èyí lọ láti gbẹ́jọ́ wọn.

J. Olubi Sodipo àti Barry Hallen, tí wọ́n jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Yunifásítì Ifẹ̀, lo ọdún púpọ̀ láti bá àwọn oníṣègùn sọ̀rọ̀ nípa bí Yorùbá ṣe ń lo "mọ̀" àti "gbàgbọ́". Wọ́n rí i pé ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tó sì yé e, ló lè sọ pé òun mọ̀. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, bó ti wù kí ẹni náà jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó, ìgbàgbọ́ ni: ó gbà á, ó sì gbọ́ ọ. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn oníṣègùn yẹn wọn ìwé ìwádìí, ìgbàgbọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń kà, títí dé ọ̀dọ̀ olùwádìí tó jókòó sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Àwọn tó ń wádìí ọmọ ọwọ́ ló ti lọ jìnnà jù nínú fífi ojú rí. Kò síbi tí ìmọ̀ ọwọ́ ti ń jọba tó láàbù ọmọ ọwọ́: ọmọ ń sunkún, ọmọ ń tòògbé, ọmọ ń wo bàtà olùdarí. Nínú ìwádìí àjọṣe kan tí wọ́n pè ní ManyBabies, tó jáde ní 2020, láàbù 67 ló fi ọmọ 2,329 wo bóyá àwọn ọmọ fẹ́ràn ohùn tí àgbàlagbà fi ń bá ọmọ ṣeré ju ohùn tí àgbàlagbà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù lóòótọ́, ọ̀nà tí láàbù kọ̀ọ̀kan gbà wọ̀n ọ́n sì hàn nínú bí àbájáde ṣe lágbára tó. Wọ́n ní kí láàbù ya fídíò bí wọ́n ṣe ń ṣe é, láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí àga, kí ẹlòmíì lè rí i. Ọmọ náà sì jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ìyá de ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí, orin ń lọ nínú rẹ̀ kó má baà gbọ́ ohùn tí ọmọ ń gbọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà sọ fún ọmọ.